Bí a ṣe ń so ètò HR mọ́ ètò ìṣọ́ físà ní Bírítánì láìjẹ́ kí ọjọ́ kankan bọ́ sọnù

Ilé iṣẹ́ tó ní sponsor licence, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba láti gbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, sábà máa ń lo ètò kọ̀ǹpútà méjì: ọ̀kan tí ẹ̀ka HR fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́, èkejì tó ń ṣọ́ físà wọn. Wọ́n á so méjèèjì pọ̀, gbogbo àmì ojú ìwé àkọ́kọ́ á sì máa sọ pé kò séwu. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, bá dé fún àyẹ̀wò ni wọ́n á tó rí i pé nọ́ọ̀sì kan ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi tó ìjọba létí. Ìsopọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ o. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni kò kọjá bó ṣe yẹ, tàbí kó kọjá tán kó má sí ẹni tí iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Àwọn tó ń bójú tó HR nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ kéékèèké ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà nírú ibẹ̀ lónìí, àwọn kan lórí físà Skilled Worker, àwọn kan nídìí tábìlì HR fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹnì kan tó ní àṣẹ Level 1 lórí SMS, ìyẹn ojú òpó tí agbanisíṣẹ́ ti ń ròyìn fún Home Office, àti ẹnì kejì tó lè dúró fún un bó bá lọ sí ìsinmi.
- Àkọsílẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ láti inú ètò HR, nínú fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì lásán tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà lè kà.
- Orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún, pẹ̀lú nọ́ńbà Certificate of Sponsorship (CoS) wọn, ìyẹn ìwé ìgbọ̀wọ́ orí ẹ̀rọ tí ẹ fún wọn, owó ọdún, wákàtí iṣẹ́ àti àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀.
- Àkọsílẹ̀ owó oṣù mẹ́ta tó kọjá.
- Àyè ìdánwò lórí ètò méjèèjì. Bí ẹni tó ń ta ètò físà kò bá ní àyè ìdánwò, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.
- Àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ìsopọ̀ náà. Bó bá jẹ́ àkáǹtì ẹnì kan lẹ́ka HR ni ẹ lò, ọjọ́ tí ẹni náà bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ìsopọ̀ á kú.
- Ìwé DPIA, tó ń sọ irú ìsọfúnni tí ẹ fẹ́ gbé kiri, ìdí rẹ̀ àti ewu tó wà níbẹ̀. Kó parí kí orúkọ òṣìṣẹ́ kan tó kọjá.
- Ọjọ́ ìsinmi ìjọba ní apá ibi tí ẹ wà. Ti Scotland yàtọ̀ sí ti England.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú ohun gbogbo: ẹ má fún ẹni tó ta ètò fún yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà SMS yín, bó ti wù kó ṣèlérí tó. Ẹni tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó. Ètò físà lè pèsè ìròyìn sílẹ̀, kó sì rán yín létí. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wọ SMS lọ fi í ránṣẹ́.

Ìpele 1: Ẹ fọ àkọsílẹ̀ mọ́

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń sáré jù. Ìdọ̀tí tó wà nínú ètò HR á kọjá sínú èkejì, á sì di ìkìlọ̀ èké.

Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo ẹni tí ọjọ́ ìparí físà rẹ̀ jẹ́ 31/12/2024. Ìjọba tẹ ọjọ́ yẹn sára ọ̀pọ̀ káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP, nítorí pé eVisa, ìyẹn físà orí ẹ̀rọ, ni yóò rọ́pò káàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé físà àwọn kan nínú wọn ṣì ní ọdún mélòó kan níwájú. HR kọ ohun tó rí lára káàdì. Bí ẹ bá so ètò pọ̀ báyìí, gbogbo wọn á hàn bí ẹni tí físà rẹ̀ ti tán, ìkìlọ̀ á dà wọlé bí òjò, ẹnì kan á sì pa ìkìlọ̀ kó lè ráyè mí. Ìkìlọ̀ tòótọ́ náà á bá a lọ. Ẹ ṣí ẹ̀rí àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ tí ẹ fi pamọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ tòótọ́ kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ fún yín ní share code tuntun, ìyẹn àmì tó máa gbà lórí ojú òpó ìjọba láti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì mú ọjọ́ látinú eVisa rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn ọjọ́ àdábọwọ́ bíi 01/01/2099 tí wọ́n kọ fún ẹni tó ní ìwé ìgbélùú tí kò lópin. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ ṣí àyè ọ̀tọ̀ tó ń sọ bóyá ìwé náà lópin tàbí kò lópin, kí ẹ sì fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ tún wò ó bóyá ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù máa tán ni wọ́n kọ sí ibi ọjọ́ físà. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè tán lọ́la kí físà ṣì ní ọdún méjì. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ Bírítánì lè tán kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ má yẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù kì í ní àmì ohùn tàbí ìsàlẹ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ lè ti kọ Ọláṣubòmí fún HR. Bí wọn kò bá fi fáìlì CSV pamọ́ ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìfipamọ́ tó mọ àwọn lẹ́tà Yorùbá, ohun tó máa dé ẹ̀gbẹ́ kejì ni ?lá?ubòmí. Ẹ ní àyè méjì: orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà sí lẹ́tà, àti orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ níbi iṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ètò físà. Ẹ má ṣe gé orúkọ kejì ẹnikẹ́ni kúrò nítorí pé ó gùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ to orúkọ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ti HR, ti owó oṣù àti ti SMS. Gbogbo ẹni tó wà lórí SMS gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ ń gbọ̀wọ́ fún gbọ́dọ̀ wà nínú owó oṣù, àfi bó bá wà ní ìsinmi tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín tàbí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù tí ẹ kò lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìròyìn kan ti pẹ́.

Ìpele 2: Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹnì kan

Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi so àkọsílẹ̀ méjèèjì. Ímeèlì máa ń yí padà, orúkọ máa ń yí padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú sì lè má tíì ní nọ́ńbà National Insurance.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á ṣí fáìlì nínú Excel, 00417 á di 417, ètò físà á sì dá ènìyàn tuntun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òpó nọ́ńbà náà jẹ́ ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ iye. Ìkejì ni ẹni tó kúrò tó tún padà wá. Bí HR bá fún un ní nọ́ńbà tuntun, ẹ rí i pé ètò físà ti àkọsílẹ̀ àtijọ́ pa, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ kò bo gbígbà tí ẹ tún un gbà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi fáìlì kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní àyè ìdánwò. Iye ènìyàn kò gbọdọ̀ lé.

Ìpele 3: Ta ló ni àyè wo?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé kan kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Orúkọ, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà fóònù, ipò iṣẹ́, owó, wákàtí, ibi iṣẹ́, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí iṣẹ́: HR ló ni wọ́n. Irú físà, ọjọ́ ìparí físà, nọ́ńbà CoS, ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ iṣẹ́ àti ẹ̀rí rẹ̀: ètò físà ló ni wọ́n. Ẹni tó ni àyè nìkan ló lè yí i padà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń kà á ni.

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láyè láti yí ọjọ́ físà padà, èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn ló máa borí, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà kan: láti HR lọ sí ètò físà. Bó bá ti dúró dáadáa fún oṣù kan, ẹ wá jẹ́ kí ọjọ́ ìparí físà àti ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ iṣẹ́ máa padà sí HR, kí ọ̀gá ẹ̀ka lè rí i nígbà tó bá ń to iṣẹ́.

Ẹ má gbé ohun tí kò wúlò. Ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti ìwé àìsàn kò ní iṣẹ́ kankan nínú ètò físà. Ètò náà nílò láti mọ̀ pé òṣìṣẹ́ wà ní ìsinmi àìsàn. Kò nílò orúkọ àìsàn náà.

Ìpele 4: Ọ̀nà tí ìsọfúnni yóò gbà

Bí ètò méjèèjì bá ní API tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ lò ó. Bí HR yín bá lè lo webhook, ẹ jẹ́ kó ta ètò físà lólobó ní kété tí òṣìṣẹ́ bá kúrò tàbí tí owó bá yí padà. Bí kò bá sí èyíkéyìí, fáìlì CSV tó ń kọjá lálaalẹ́ lórí SFTP, ìyẹn ọ̀nà tó láàbò láti fi fáìlì ránṣẹ́, tó fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni òfin fún yín láti ròyìn, òru kan kò ní pa á. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni fífi fáìlì òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ímeèlì.

Webhook máa ń sọnù nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì bá wà ní àtúnṣe. Nítorí náà, ẹ fi fáìlì kíkún kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó máa bo ohun tó bọ́. Ẹ sì ṣètò ìkìlọ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́: bí ohunkóhun kò bá wọlé fún wákàtí mẹ́rìndínlógójì, kí ènìyàn méjì gbọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ já ìsopọ̀ náà ní àyè ìdánwò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn ìgbà wo?

Ìpele 5: Ọjọ́

Àyè ọjọ́ méjì wà fún ìyípadà kọ̀ọ̀kan nínú ètò HR: ọjọ́ tí ìyípadà náà ṣẹlẹ̀ gan-an àti ọjọ́ tí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ètò físà gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ mẹ́wàá láti ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ tí wọ́n ń tà láìtún un ṣe ló ń ka ti ìkejì, nítorí pé òun ni webhook gbé wá.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Olùtọ́jú kan ní England fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Thursday, 2 April 2026. Friday ọjọ́ kẹta jẹ́ Good Friday, Monday ọjọ́ kẹfà jẹ́ Easter Monday, méjèèjì kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ kìn-ín-ní jẹ́ Tuesday 7 April, ìkẹwàá sì bọ́ sí Monday 20 April. Ní Scotland, Easter Monday kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba, nítorí náà Friday 17 April ni gbèdéke. Bí ọ̀gá ẹ̀ka bá wá tẹ ìfiṣẹ́sílẹ̀ náà wọlé ní 16 April, tí ètò sì kà á láti ọjọ́ yẹn, á sọ fún yín pé ẹ ní àyè títí di 30 April. Gbogbo àmì á jẹ́ àwọ̀ ewé títí ẹ ó fi pẹ́.

Ìṣòro kejì ni ọ̀nà ìkọ̀wé. 03/04/2026 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù April ní Bírítánì, àmọ́ ètò tí wọ́n kọ́ ní Amẹ́ríkà á kà á sí 4 March. Ẹ lo 2026-04-03 nínú gbogbo ohun tó ń kọjá. Ẹ má sì fi 25 December dán an wò: oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò sí, nítorí náà àṣìṣe á hàn fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó kéré sí mẹ́tàlá ló ń fara pamọ́.

Ìkẹta ṣòroó rí. Bí HR bá ń fi ọjọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú aago, agogo méjìlá òru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Bírítánì jẹ́ agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ní UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń lò. Gbogbo ọjọ́ láti ìparí March sí ìparí October á wá fi ọjọ́ kan sẹ́yìn, ti oṣù òtútù á sì dúró déédéé. Ẹ fi ọjọ́ nìkan ránṣẹ́, láìsí aago.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi òṣìṣẹ́ àfidánwò mẹ́ta ránṣẹ́, ọ̀kan tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 3 April, ọ̀kan 15 January, ọ̀kan 1 July. Ẹ fi ojú kà wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìfiṣẹ́sílẹ̀ 2 April 2026 wọlé, kí ẹ wo bóyá gbèdéke tó jáde jẹ́ 20 April.

Ìpele 6: Ìṣẹ̀lẹ̀ wo ló gbọ́dọ̀ di iṣẹ́ fún ènìyàn?

Fún àwọn tí ẹ ń gbọ̀wọ́ fún, ẹ so ìṣẹ̀lẹ̀ HR wọ̀nyí mọ́ iṣẹ́ kan nínú ètò físà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é:

- Òṣìṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ 28 ló wà fún un, láti ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú mẹ́ta: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wà lórí CoS, ọjọ́ tí físà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un pé físà ti jáde.
- Kò wá síbi iṣẹ́ láìgbàṣẹ fún ohun tó lé ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá léraléra. Ẹ jẹ́ kí ètò kìlọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, kí ẹnì kan lè fóònù sí i.
- Ìsinmi tí kò sówó, tàbí tí owó rẹ̀ dín kù. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ọdún kan, January sí December, ẹ gbọ́dọ̀ dá ìgbọ̀wọ́ dúró àfi bó bá wà lára ìdí tí òfin yọ sílẹ̀, bí ìsinmi ìbímọ tàbí àìsàn. Àpapọ̀ ni o, ọjọ́ méjì níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún.
- Owó dín kù sí ti CoS.
- Ibi iṣẹ́ yí padà, títí kan ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ látilé lọ́jọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀.
- Iṣẹ́ tó ń ṣe yí padà. Bó bá bọ́ sí SOC code mìíràn, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi pín irú iṣẹ́ sí, ìròyìn nìkan kò tó. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè físà tuntun kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún.
- Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ẹ dá a dúró.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù lọ níhìn-ín ni owó. Wọ́n so ètò HR, wọn kò so owó oṣù. HR lè máa fi wákàtí 39 hàn nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ka ń fún ẹni náà ní wákàtí 30 nítorí pé iṣẹ́ kò pọ̀. Àkọsílẹ̀ owó tó wọ àpò òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí, Home Office sì lè wò ó. Ẹ jẹ́ kí owó tí ẹ san gan-an lóṣooṣù wọ ètò físà, kó máa fi wé ti CoS. Yàtọ̀ sí ewu tó wà fún sponsor licence yín, òṣìṣẹ́ tí wọ́n gé wákàtí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jìyà nígbà tó bá fẹ́ tún físà ṣe, ó sì tọ́ ká rí i kó tó dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà Student níṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ti àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn kò tó ìpele oyè jẹ́ 10. Ọ̀sẹ̀ lójú òfin bẹ̀rẹ̀ ní Monday, ó parí ní Sunday. Bí ìwé ìtòṣẹ́ yín bá ń ka Sunday sí Saturday, á sọ pé 20 ni ẹni náà ṣe, òfin á kà á sí 26.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe é lára òṣìṣẹ́ àfidánwò, kí ẹ rí i pé iṣẹ́ kan ṣí, ó ní gbèdéke, ó ní orúkọ ènìyàn, kò sì lè tì láìfi ẹ̀rí ìròyìn SMS sínú rẹ̀.

Ìpele 7: Àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ iṣẹ́

Owó ìtanràn fún ẹni kan tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lè tó £45,000 nígbà àkọ́kọ́, £60,000 bó bá tún ṣẹlẹ̀, láti 13 February 2024. Ohun tó ń gbà yín ni àyẹ̀wò tó péye tí ẹ ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ètò HR kọ̀ láti sọ ẹnikẹ́ni di òṣìṣẹ́ títí ọjọ́ àyẹ̀wò á fi dé láti ètò físà.

Share code fún iṣẹ́ jẹ́ àmì mẹ́sàn-án, W ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lo ọjọ́ 90. Code náà nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ gbọ́dọ̀ fi í pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọ ojú òpó tí ìjọba ṣe fún agbanisíṣẹ́, kí ẹ fi àwòrán wé ojú ẹni náà, lójúkojú tàbí lórí fídíò, kí ẹ sì fi ojú ìwé náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo àkókò iṣẹ́ rẹ̀ àti ọdún méjì lẹ́yìn tó bá kúrò. Ẹ wò ó bóyá HR yín ń pa fáìlì àwọn tó ti kúrò rẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìparẹ́ yẹn lè gba inú ìsopọ̀ lọ pa ẹ̀rí rẹ́.

Gbogbo ènìyàn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ọmọ Bírítánì náà. Ètò tó ń yan ẹni tí wọ́n máa yẹ̀ wò nípa orúkọ tàbí ibi tí wọ́n ti bí i jẹ́ ìwà ìyàsọ́tọ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹ má jẹ́ kí ètò ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ tàbí dá owó rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí físà bá tán. Ẹni tó ti béèrè fún ìtúnṣe kí ti àtijọ́ tó tán ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ipò kan tó ń jẹ́ «ó ń dúró de ìpinnu». Ọjọ́ 28 lẹ́yìn ìparí físà wà fún yín láti lọ béèrè lọ́wọ́ Employer Checking Service, ẹ̀ka Home Office tó ń fìdí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ múlẹ̀ fún agbanisíṣẹ́. Ìwé Positive Verification Notice tí wọ́n bá fún yín ń bò yín fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ ìparí rẹ̀ ni ètò á sì máa ṣọ́ báyìí. Ẹ ṣètò ìránnilétí ní ọjọ́ 90, 60, 30 àti 7 ṣáájú, kó máa lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Ìpele 8: Ẹ tan iná sí i

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka kan tàbí ilé kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí oṣù kan ti owó kọjá nínú rẹ̀. Lákòókò yìí, ẹ má pa ìwé àtijọ́ tì. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwé náà wé ohun tí ètò sọ. Ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdí. Ẹ wá a rí kí ẹ tó fi ẹ̀ka mìíràn kún un.

Bí fáìlì bá ṣèèṣì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tàbí bí wọ́n bá já wọ inú ètò, wákàtí 72 ló wà fún yín láti sọ fún ICO, àjọ tó ń ṣọ́ ìpamọ́ ìsọfúnni aráàlú, bí ewu bá wà fún àwọn òṣìṣẹ́, láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tó yẹ kí wọ́n pè ní ilé iṣẹ́ tó ta ètò síbi tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè rí i.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ka bá ti wọlé, iṣẹ́ oṣooṣù kan kù: ẹ tún to orúkọ mẹ́ta ti ìpele 1 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lóṣù, ẹ mú òṣìṣẹ́ márùn-ún láìyàn, kí ẹ fi owó, wákàtí, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ àti ọjọ́ físà wọn wé CoS àti eVisa. Ẹni tó ṣe é fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́, ó sì fi í sínú fáìlì tí ẹ máa gbé fún òṣìṣẹ́ Home Office bó bá dé.